Bọ́tìnnì kan ṣoṣo: ohun tí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá kọ́ mi ní New York

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti di lọ́yà nílé, tí ẹ sì ń wá bí ẹ ó ṣe ré kọjá sí Amẹ́ríkà lọ kàwé sí i, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Gbogbo ènìyàn ló máa sọ fún yín bí ẹ ó ṣe yege ìdánwò. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi. Ká ní mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan wà nínú ayé mi tí ǹ bá ti lò bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ là á mọ́lẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà, mi ò ní dárúkọ oníbàárà wọn, mi ò sì ní sọ ohun tí oníbàárà náà ń ṣe tà. Àṣírí oníbàárà ṣì ń wà lọ́rùn agbẹjọ́rò lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Mo ti ṣe ohun tí kò dára tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ fi kún un.

Ifẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Lẹ́yìn tí mo di lọ́yà, mo lo ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn lábẹ́ ọ̀gá kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ, nítòsí kóòtù Ìyágankú. Ọ̀gá, èmi àti akọ̀wé ni gbogbo wa. Bí fáìlì kan bá sọnù, a mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ló ti sọnù. Ọ̀gá kì í buwọ́ lu ìwé tí kò bá tíì kà, kò sì ní jẹ́ kí n buwọ́ lu èyí tí èmi náà kò bá tíì kà. Inú máa ń bí mi sí i nígbà náà. Mo gbà pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò.

Mo dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, mo parí ìwé mi ní oṣù karùn-ún 2016, mo sì jókòó ìdánwò New York ní oṣù keje ọdún yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí New York lo ìdánwò kan náà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò, máàkì 266 ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ní. Mo yege. Oṣù kejì 2017 ni mo ṣe ìbúra.

Ìnáwó ti gbẹ mí ká tó dé ibẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló ń lé oorun lójú mi. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ kàwé tán máa ń rí ọdún kan gbà láti fi ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní OPT. Ṣùgbọ́n bí àròpọ̀ ọjọ́ tó fi wà láìníṣẹ́ bá ti ré kọjá 90, àǹfààní náà ti bọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 52 ti lọ nínú tèmi. Lórí kàlẹ́ńdà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé kọ́ sí kíṣìnnì rẹ̀ ní Brooklyn ni mo ti ń kà á. Mo máa ń fi bírò pupa fa igi sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ sùn.

Nítorí náà, nígbà tí àjẹ́ńsì kan pè mí ní oṣù kẹta pé iṣẹ́ doc review wà, mo kúnlẹ̀ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí: bí wọ́n bá pe ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ kìíní gbọ́dọ̀ kó ìwé tó bá jẹ mọ́ ẹjọ́ náà jáde fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ímeèlì lè tó mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó kà wọ́n, kí ó tẹ bọ́tìnnì: èyí kan ẹjọ́, èyí kò kan ẹjọ́, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín oníbàárà àti lọ́yà rẹ̀ tí òfin dáàbò bò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní privileged, ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì ní rí i. Bọ́tìnnì kan tún wà fún ìwé tó gbóná, tí àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ rí kíá.

Dọ́là 32 ni wọ́n ń san fún wákàtí kan. A tó ọgọ́ta nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ Gánà, ọmọ Íńdíà, àwọn òyìnbó àgbàlagbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2008 tí wọn kò rí ọ̀nà padà mọ́. Láṣẹ ìjọba, lọ́yà ni gbogbo wa. Ní oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá New York ti sún owó ọmọ tuntun wọn láti 160,000 dọ́là lọ́dún sí 180,000. Orí àjà kejìdínlógún ni àwọn yẹn ń jókòó sí. A kì í rí wọn. Orúkọ wọn nìkan la máa ń rí lórí ímeèlì ìtọ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìwé 55 ni wọ́n ní kí á máa kà ní wákàtí kan, kọ̀ǹpútà sì ń ka iye tí o ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ṣí ímeèlì kan. Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo lè sọ bó ṣe rí: gbólóhùn mẹ́rin, látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan sí ọ̀gá rẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ òfin, kò sẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn òfin. Wọ́n kàn fi orúkọ lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà kún àwọn tí ẹ̀dà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí mo kà á tán, ọwọ́ mi tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kà. Mo tẹ bọ́tìnnì ìwé tó gbóná, mo sì kọ àlàyé kúkúrú sí i.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti yí i padà. Ó ti di privileged.

Kí a tó lọ jẹun ọ̀sán, olórí ikọ̀ wa kó wa jọ. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ìwé yòówù tí orúkọ lọ́yà bá wà lórí rẹ̀, privileged ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró béèrè. Ohun tí olúkúlùkù wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí. Òfin kò fi orúkọ lọ́yà ṣe ìbòrí. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nítorí ìmọ̀ràn òfin ni òfin ń dáàbò bò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ì bá máa fi ẹ̀dà gbogbo ìwé wọn ránṣẹ́ sí lọ́yà kan ní ìkọ̀kọ̀. Ọgọ́ta lọ́yà ló wà nínú yàrá yẹn. A padà sórí àga wa.

Ìdákẹ́ yẹn ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Bí mo ṣe tu ara mi nínú lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkejì. Mo ti kà nípa ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá ní New York ní oṣù keje 2015. Agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ló pe ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́jọ́ nítorí owó àfikún wákàtí. Ilé ẹjọ́ náà ní bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ pé kò lo làákàyè òfin kankan lẹ́nu iṣẹ́ náà, a kò lè pè é ní iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Mo wá gbá ìdájọ́ yẹn mú. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ lè ṣe ohun tí mo ń ṣe, pé èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí ìwé tó ń lọ sí kóòtù, pé àwọn tó wà lókè ti rò ó. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni ilé ẹjọ́ yẹn ń sọ o. Èmi ni mo sọ ọ́ di àwíjàre.

Báyìí ni mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan mo ka iye ìwé tí mo tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgbà á gbọ́ lọ́kàn mi: 73.

Màmá mi máa ń pè láti Òṣogbo ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. “Lọ́yà Amẹ́ríkà,” ni wọ́n máa ń kí mi, wọn a sì gbàdúrà pé kí ọwọ́ mi má ṣe dá ẹ̀bi. Mò ń ṣe àmín, ọ̀fun mi ń gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé mi ò jẹun dáadáa mọ́, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ físà ni. Mi ò lè sọ fún un. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń wọni lọ́rùn nínú iṣẹ́ yìí: òfin tó ní kí o pa àṣírí mọ́ kò jẹ́ kí o rí ẹni fẹjọ́ ara rẹ sùn.

Mo wá tún ṣe àṣìṣe méjì lọ́jọ́ kan náà. Mo fi fóònù ya àwòrán ímeèlì yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di alẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa lọ́yà ọmọ Nàìjíríà pé ohun tí ojú mi ń rí níbi iṣẹ́ kọjá sísọ, mo sì fi àpèjúwe díẹ̀ sí i. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjẹ̀bú, tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Bronx tipẹ́, fi pè mí.

“Àbúrò, yọ ohun tí o kọ síbẹ̀ yẹn kúrò báyìí. Ṣé o mú nǹkan kan kúrò níbi iṣẹ́?”

Mo sọ fún wọn nípa àwòrán náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “O rí ẹni tó ń bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, ìwọ náà wá lọ jí àṣírí oníbàárà. Bí wọ́n bá rí ìyẹn lọ́wọ́ rẹ, tìrẹ ni wọn yóò máa sọ, ẹnu rẹ kò sì ní gba ọ̀rọ̀ mọ́.” Wọ́n ní kí n má ṣe fi àwòrán náà han ẹnikẹ́ni, kí n má sì dá a pa rẹ́ fúnra mi, àfi kí n wá lọ́yà tèmi. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tẹlifóònù ìmọ̀ràn ìwà ọmọlúàbí tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìlú New York ní. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti búra, mi ò mọ̀.

Mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Agbẹjọ́rò tó gbé e sọ fún mi pé ohun tí ẹni tó pè fẹ́ ṣe ní iwájú nìkan ni wọ́n lè gbà á nímọ̀ràn lé lórí. Ohun tó ti ṣe kọjá kò sí lọ́wọ́ wọn. Mo dúró síbẹ̀, ọkọ̀ méjì kọjá. Ká ní mo ti pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, gbogbo rẹ̀ ni ì bá jẹ́ ohun iwájú.

Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí. Èwo ni o mọ̀, èwo ni o ń fura sí? Ǹjẹ́ o ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè rẹ, ní kíkọ sílẹ̀? Kí ni òfin 5.2 wí? Mo mọ òfin 5.2 fún ìdánwò, mi ò mọ̀ ọ́n fún ara mi. Ó ní òfin ìwà agbẹjọ́rò de ọmọ abẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe de ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ló pàṣẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọmọ abẹ́ lè fi ẹ̀yìn ti ọ̀gá ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ní iyèméjì tòótọ́ nínú, tí ọ̀gá sì yan ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí New York tó kọ ọ́ sínú ìwé: ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ń gba agbè epo, láàárọ̀ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rò pé ilé-iṣẹ́ burúkú kan ṣoṣo ni mo bọ́ sí. Ní oṣù kẹjọ 2006, Adájọ́ Gladys Kessler ní Washington dá ẹjọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá. Ìwé ìdájọ́ náà lé ní ojú ìwé 1,600. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìpele kankan nínú ìtànjẹ náà tí àwọn agbẹjọ́rò kò ti kó ipa pàtàkì, títí kan fífi ìbòrí àṣírí agbẹjọ́rò bo ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí kò yẹ kí ó ní ìbòrí. Ó kédàárò pé orí ìtàn tó bani nínú jẹ́ ni fún iṣẹ́ tó ní iyì. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Google pé ó ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti fi orúkọ lọ́yà kún ímeèlì kí ìwé lè ríbi sá sí. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí yàrá wa.

Mi ò sọ pé ìbòrí náà burú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé gbọ́dọ̀ lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún lọ́yà rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí àwọn alágbára ṣe ń sọ ọ́ di àpótí tí wọ́n ń kó ẹ̀rí pamọ́ sí.

Mo kọ̀wé sí olórí ikọ̀ wa ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí tí ìwé onínọ́ńbà báyìí fi jẹ́ privileged, nígbà tí n kò rí ìbéèrè òfin nínú rẹ̀, mo sì ní mo ṣetán láti gba àlàyé. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àjẹ́ńsì pè. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí fún mi, kí n má wá ní ọjọ́ Ajé. Kò sí ìdí. Ilé-iṣẹ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Wọn kò nílò rẹ̀, nítorí àjẹ́ńsì ló gbà mí síṣẹ́ lójú òfin. Mo padà sídìí kàlẹ́ńdà kíṣìnnì: ọjọ́ 38 ló kù.

Lọ́yà tí mo san owó fún nítorí àwòrán fóònù gba ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin dọ́là, ìyẹn owó ilé mi fún oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló bá mi yanjú ìyẹn. Òun náà ló sọ fún mi pé ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ ńlá yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń gbèjà, kì í ṣe ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Ẹ lè lọ síbẹ̀, kódà ó yẹ kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ ti gba ìmọ̀ràn níta kí ẹ tó wọlé. Ohun tó yẹ kí n ti máa ṣe dípò àwòrán rọrùn: ìwé àjákọ kan nílé, tí ó ní ọjọ́, ìbéèrè tí mo bi, ẹni tí mo bi àti èsì rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ oníbàárà kankan nínú rẹ̀. Ní ti òǹkà ọjọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ mu fún ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀ máa ń dá a dúró, bí òfin bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń dákẹ́ nítorí físà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ́fíìsì kékeré kan tó ń gbèjà àwọn ayálégbé ní Brooklyn. Ìwé ìgbélùú mi yanjú lẹ́yìn náà nípa ìgbéyàwó.

Fún ọdún púpọ̀ mo gbà pé àìrówó àti àìníwèé ló sọ mí di ojo. Ọdún 2025 ló yí mi lérò padà. Ààrẹ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ ìjọba kọlu àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ń pa owó tó ju ti ìpínlẹ̀ mìíràn nílé lọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn pa ju bílíọ̀nù dọ́là 8 lọ ní 2024. Síbẹ̀, mẹ́sàn-án lọ bá ìjọba ṣe àdéhùn, wọ́n sì ṣèlérí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 940 dọ́là kí wọ́n má bàa pàdánù oníbàárà. Mẹ́rin péré ló lọ sí kóòtù: Perkins Coie, Jenner & Block, WilmerHale àti Susman Godfrey. Kí oṣù kẹfà tó parí, adájọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láre. Àwọn ọ̀dọ́ kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe àdéhùn, àwọn náà sì ní gbèsè ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Mo ka ìròyìn wọn mo sunkún.

Ọ̀kan tún wà tó kan wa nílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní London sọ pé jìbìtì ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID fi gba ìdájọ́ owó lórí Nàìjíríà, owó tó ti wú kọjá bílíọ̀nù dọ́là 11. Ó sọ pé ìwé àṣírí òfin Nàìjíríà wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n mọ̀ pé kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lò ó. Ilé ìwòsàn wa, ọ̀nà wa, owó oṣù tíṣà wa ló wà nínú bílíọ̀nù yẹn. Ẹni tó rí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀, tó kàn nílò láti sọ̀rọ̀, ló dákẹ́.

Ẹjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí yẹn parí sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún tó kọjá, a pe onílé ńlá kan lẹ́jọ́ nítorí àwọn ayálégbé tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn nínú ilé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá ló gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Wọ́n fi àkójọ ìwé tí wọn kò ní fún wa ránṣẹ́, ìlà 412, privileged ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí á kàn gbà á bẹ́ẹ̀, pé àkókò kò sí. Mo gbé e lọ sílé. Mo kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ṣe máa ń kàwé. Ní ìlà 208, òṣìṣẹ́ kan kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, orúkọ lọ́yà kan wà níbi ẹ̀dà, kò sì sí àmì pé ẹnikẹ́ni béèrè ìmọ̀ràn òfin. Mo rí mọ́kàndínlógójì irú rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo buwọ́ lù ú, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí adájọ́.